Dígí kásíkì wa: èyí tó dára lọ́sàn-án lè ṣe wá léṣe lálẹ́

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò sọ̀rọ̀ nípa dígí tó máa ń wà níwájú kásíkì, ìyẹn akoto líle tí à ń dé bí a bá fẹ́ gun alùpùpù. Bóyá ẹ ní alùpùpù tí ẹ fi ń lọ sóko. Bóyá iṣẹ́ zemidjan ni ẹ ń ṣe. Bóyá ẹ̀yìn ọkọ yín ni ẹ máa ń jókòó sí lọ sọ́jà. Bóyá ẹsẹ̀ ni ẹ fi ń rìn létí ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi

Èmi tí mo kọ ẹ̀kọ́ yìí, olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni mí. Ìrọ̀lẹ́ ni kíláàsì wa máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá ti oko dé. Ní ọjọ́ kan, mo ra kásíkì tuntun. Dígí rẹ̀ dúdú bí èédú. Ó wù mí gan-an. Lọ́sàn-án, ó dára: oòrùn kò wọ̀ mí lójú, eruku kò wọ̀ mí lójú. Inú mi dùn, mo ń yan fanda.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo parí kíláàsì, mo gun alùpùpù mi, mo ń lọ sílé. Oòrùn ti wọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tíì ṣú tán. Mo tan iná alùpùpù. Mo rò pé mo ń ríran. Lójijì, mo rí nǹkan kan níwájú mi bí òjìji. Ìyá àgbà kan ni. Wọ́n ru igi ìdáná, wọ́n ń ti oko bọ̀. Mo tẹ bíréèkì, mo yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, èmi àti alùpùpù ṣubú sínú kòtò. Orúnkún mi bó. Ìyá náà kò fara pa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí igi fi bọ́ lórí wọn.

Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. N kò rí yín ni."

Wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Ọmọ mi, èmi ti rí ọ láti òkèèrè. Kí ni o fi bojú tí o kò fi rí mi?"

Mo ṣí dígí náà sókè, mo wò yíká. Ẹnu yà mí. Mo rí ọ̀nà. Mo rí igi. Mo rí ojú ìyá náà kedere. Kì í ṣe ilẹ̀ ló ṣú. Dígí mi ló ṣú.

Mo bá wọn ṣa igi wọn, mo dì í, mo sì gbé e rù wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bèèrè ọ̀rọ̀ nípa dígí kásíkì. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

2. Kí ni dígí ń ṣe fún wa?

Ẹni tó gun alùpùpù láìsí dígí níwájú ojú ń fi ojú rẹ̀ ṣeré. Kòkòrò kékeré kan lè bọ́ sí i lójú, yóò sì di ojú rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí ojú bá dì, alùpùpù kò dúró: ó ń sáré lọ. Ní àkókò ọyẹ́, eruku ọ̀nà máa ń pọ́n ojú. Ní àkókò òjò, omi máa ń ta síni lójú bí abẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ pẹ̀lú máa ń mú kí omi jáde lójú.

Nítorí náà, dígí dára. Ẹ má ṣe yọ ọ́ sọnù. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni irú dígí tó yẹ, àti àkókò tó yẹ kí á lò ó.

3. Ojú wa àti ìmọ́lẹ̀

Ẹ wo àárín ojú ọmọ yín. Ẹ óò rí ohun dúdú róbótó kan. Ọmọlójú ni. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bí oòrùn bá mú, ọmọlójú máa ń kéré, kí ìmọ́lẹ̀ má baà pọ̀ jù. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ọmọlójú máa ń tóbi, kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù lè wọlé.

Ẹ rántí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá ti inú oòrùn wọ inú yàrá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kì í rí nǹkan kan. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ kọ àga. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìkòkò, ẹ ó rí ẹní, ẹ ó rí ẹni tó jókòó. Yàrá náà kò yí padà. Ojú yín ló gba àkókò kí ó tó bá òkùnkùn mu.

Nísinsìnyí, ẹ rò ó wò. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, bí oòrùn bá ti wọ̀, ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú. Ìdajì wákàtí kì í pé tí òkùnkùn á fi bolẹ̀. Àkókò náà gan-an ni àwọn ènìyàn ń ti oko àti ọjà bọ̀. Ewúrẹ́ ń lọ sílé. Àwọn ọmọdé ń ru omi. Ojú wa ń wá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù. Bí a bá wá fi dígí dúdú bo ojú náà, a ti lé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ náà lọ.

4. Oríṣi dígí mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí á ka ìmọ́lẹ̀ bí a ṣe ń ka ọsàn. Ká sọ pé ìmọ́lẹ̀ 100 dé ara dígí. Mélòó ló máa kọjá dé ojú?

Dígí tó mọ́ gaara: Ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ kọjá, 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100. A lè lò ó lọ́sàn-án, a lè lò ó lóru.

Dígí dúdú: Ó ń dá ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ dúró. Àwọn kan wà tí ohun tó ń kọjá níbẹ̀ kò tó 50 nínú 100. Nínú oòrùn ọ̀sán, kò burú. Ní ìrọ̀lẹ́ àti lóru, ewu ni.

Dígí tó ń yí padà: Bí oòrùn bá mú, á dúdú. Bí oòrùn bá lọ, á mọ́ gaara. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ mọ agẹmọ, ẹranko tó ń yí àwọ̀ padà. Nítorí náà, nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò pè é ní dígí agẹmọ.

Ìlànà kan wà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde lórí kásíkì. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 22. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, pàápàá ní Yúróòpù, ló ń tẹ̀ lé e. Ìlànà náà ní kí dígí tí a ó lò tọ̀sán tòru jẹ́ kí ó kéré tán 80 nínú ìmọ́lẹ̀ 100 kọjá. Dígí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ fi àmì sí i lára pé ọ̀sán nìkan ni kí á lò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dígí tí wọ́n ń tà lọ́jà kò ní àmì kankan. Nítorí náà, àwa fúnra wa ni kí á la ojú wa sílẹ̀.

5. Báwo ni dígí agẹmọ ṣe ń ṣiṣẹ́?

Kì í ṣe oògùn, kì í ṣe idán. Ìmọ̀ ni. Ní ọdún 1964, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, William Armistead àti Stanley Donald Stookey, kọ̀wé nípa dígí irú èyí. Ilé iṣẹ́ Corning ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n po nǹkan kékeré kan tó ní fàdákà nínú mọ́ dígí. Bí oòrùn bá kàn án, fàdákà náà á jáde, dígí á dúdú. Bí oòrùn bá kúrò, fàdákà náà á padà sí ipò rẹ̀, dígí á mọ́. Dígí tí à ń fi sójú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe.

Dígí kásíkì kì í ṣe dígí tòótọ́. Ike líle ni, kí ó má baà fọ́ síni lójú. Nítorí náà, kì í ṣe fàdákà ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Oríṣi aró kan ni wọ́n ń pò mọ́ ike náà, tàbí kí wọ́n fi kùn ún. Aró yìí kò ní àwọ̀ nínú ilé. Bí oòrùn bá kàn án, á ní àwọ̀.

Kí ni ohun tó wà nínú oòrùn tó ń jí aró yìí? Ìtànṣán kan ni tí ojú wa kò lè rí. Òun náà ló ń mú kí aṣọ tí a sá sóòrùn lójoojúmọ́ ṣá. Ìtànṣán yìí ń gba inú kùrukùru kọjá. Nítorí náà, dígí agẹmọ lè dúdú díẹ̀ pàápàá lọ́jọ́ tí kùrukùru bo ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ìtànṣán náà kò pọ̀ nínú iná mọ́tò tàbí iná àtùpà. Ìdí nìyẹn tí dígí agẹmọ fi máa ń mọ́ gaara lóru, bí iná mọ́tò tilẹ̀ kàn án. Ohun rere nìyẹn.

6. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ẹ má rò pé dígí agẹmọ lè ṣe ohun gbogbo. Ohun mẹ́rin wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀.

Èkíní, ó yára dúdú, ṣùgbọ́n kò yára mọ́. Kí ó tó mọ́ gaara padà, ó lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Ẹni tó ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin kìlómítà 1 ní ìṣẹ́jú 1. Bí dígí rẹ̀ bá gba ìṣẹ́jú 2 kí ó tó mọ́, ó ti rin kìlómítà 2 pẹ̀lú dígí tó ṣì ṣú. Ká sọ pé ẹ ń ti inú oòrùn ọ̀sán wọ ọ̀nà tí igi tíìkì bò lọ́tùn-ún lósì. Ojú yín kò tíì mọ òjìji náà lára, dígí náà kò tíì mọ́. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó wọ ibẹ̀. Bí ẹ kò bá ríran dáadáa, ẹ ṣí dígí náà sókè díẹ̀.

Èkejì, ooru máa ń dín agbára rẹ̀ kù. Níbi tó tutù, ó máa ń dúdú gan-an. Níbi tí ooru ti mú, bíi tiwa, kì í dúdú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe bá ọlọ́jà jà pé ayédèrú ni ó tà fún yín kí ẹ tó dán an wò.

Ẹ̀kẹta, oòrùn ìrọ̀lẹ́ lè borí rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, ìtànṣán tí ojú kò rí yẹn ti dín kù, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣì ń wọni lójú tààrà. Dígí náà ti ń mọ́ ní àkókò náà. Bí oòrùn bá kọjú sí yín bẹ́ẹ̀, ẹ rọra máa lọ, tàbí kí ẹ dúró sábẹ́ igi títí yóò fi wọ̀.

Ẹ̀kẹrin, kì í wà títí láé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, aró inú rẹ̀ máa ń rẹ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní dúdú mọ́ bíi ti àtijọ́.

Àwọn kan tún wà tó ń fi iná bátìrì ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá kan kì í pé tí wọ́n fi ń yí padà. Ṣùgbọ́n owó wọn pọ̀ gan-an.

7. Bí a ṣe lè dá dígí agẹmọ mọ̀

Ọlọ́jà lè sọ fún yín pé: "Ẹ̀gbọ́n, èyí máa ń yí padà fúnra rẹ̀." Ẹ má jiyàn, ẹ sì má kàn gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún un pé: "Àbúrò, jẹ́ kí á jọ wò ó." Ẹ ṣe báyìí:

Ẹ gbé kásíkì náà síbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń mú. Ẹ já ewé kan tó fẹ̀. Ẹ fi ewé náà bo apá kan dígí. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ ṣí ewé náà kúrò, kí ẹ wò ó kíákíá. Bí ó bá jẹ́ dígí agẹmọ lóòótọ́, ẹ óò rí àwòrán ewé náà lára rẹ̀: abẹ́ ewé mọ́, ìyókù dúdú. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí bákan náà, kì í ṣe agẹmọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e wọ inú ilé, kí ẹ ka iye ìṣẹ́jú tó gbà kí ó tó mọ́ gaara. Iye ìṣẹ́jú yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn lójú ọ̀nà.

8. Bí a kò bá ní owó dígí agẹmọ ńkọ́?

Dígí agẹmọ wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè rà á, kò sì sí ní gbogbo ọjà. Èyí kì í ṣe ohun ìbànújẹ́. Dígí tó mọ́ gaara tó fún ẹni tó ń ṣọ́ra. Òun ni èmi náà ń lò báyìí.

Bí oòrùn bá ń wọ̀ yín lójú lọ́sàn-án, ẹ lè wọ awò dúdú sábẹ́ dígí tó mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ bọ́ awò náà sínú àpò. Dígí á ṣì dáàbò bo ojú yín lọ́wọ́ kòkòrò àti eruku.

Bí ó bá jẹ́ dígí dúdú ni ẹ ti rà, ẹ wá èyí tó mọ́ gaara tó bá kásíkì náà mu, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí òkùnkùn bá bo ilẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀ ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ má ṣe lẹ ọ̀rá dúdú mọ́ dígí tó mọ́. Ẹ kò mọ iye ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀rá náà ń dá dúró. Bí ó bá sì ń ṣí létí, ó ń dí ojú.

9. Ìtọ́jú dígí

Dígí tó ti họ léwu bíi dígí dúdú. Lóru, bí iná mọ́tò bá kàn án, gbogbo ibi tó họ ni yóò máa tàn yanran. Ẹ kò ní rí ọ̀nà mọ́.

Ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ da omi sí i kí eruku lè ṣàn lọ. Bí ẹ bá fi aṣọ nu eruku gbígbẹ, iyanrìn inú rẹ̀ ni yóò họ ọ́. Ẹ fi aṣọ òwú tó rọ̀ nù ún. Ẹ má ṣe lo kànìnkànìn ìkòkò. Ẹ má ṣe fi epo tí à ń bù sínú alùpùpù nù ún: epo náà máa ń ba ike jẹ́. Bí ẹ bá délé, ẹ má ṣe gbé kásíkì sílẹ̀ kí ojú dígí dojú kọ ilẹ̀.

10. Ẹ má gbàgbé kásíkì fúnra rẹ̀

Dígí ń ṣọ́ ojú, kásíkì ń ṣọ́ orí. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan kó àbájáde ìwádìí 61 jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn tó ní jàǹbá alùpùpù, kásíkì ń dín ewu ikú kù ní 42 nínú 100. Ó sì ń dín ewu kí orí fara pa kù ní 69 nínú 100. Ṣùgbọ́n kásíkì tí a kò so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n yóò fò kúrò lórí kí orí tó kanlẹ̀. Ẹ so ó. Ẹ rí i pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn yín náà ní tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á rántí

Àwọn àgbà ní: ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bí alákàn bá bo ojú rẹ̀, ta ni yóò bá a ṣọ́ orí?
– Dígí tó mọ́ gaara dára tọ̀sán tòru.
– Dígí dúdú, ọ̀sán nìkan.
– Dígí agẹmọ dára, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní àkókò kí ó tó mọ́.
– Bí ẹ kò bá ríran dáadáa, ẹ dín eré kù, ẹ ṣí dígí.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló dé tí olùkọ́ kò rí ìyá náà, tí ìyá náà sì rí i?
2. Kí ni ọmọlójú ń ṣe bí ilẹ̀ bá ń ṣú?
3. Kí nìdí tí iná mọ́tò kì í fi mú kí dígí agẹmọ dúdú?
4. Ní abúlé yín, ibo ni ọ̀nà ti ṣókùnkùn lójijì? Kí ni ẹ lè sọ fún àwọn zemidjan ibẹ̀?
5. Kí ni ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ lè ṣe kí ẹni tó gun alùpùpù lè tètè rí i?

Ìṣirò

Zemidjan kan ń sáré 40 kìlómítà ní wákàtí kan. Dígí agẹmọ rẹ̀ ń gba ìṣẹ́jú 3 kí ó tó mọ́. Kìlómítà mélòó ni yóò rìn kí dígí náà tó mọ́? (Ìdáhùn: kìlómítà 2.)

Ẹ ṣe é wò

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ mú kásíkì yín jáde nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀. Kí ẹnì kan dúró ní ìṣísẹ̀ 50 sí yín, pẹ̀lú aṣọ dúdú lára. Ẹ wò ó nípasẹ̀ dígí. Ẹ ṣí dígí sókè, ẹ tún wò ó. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé yín, kí ẹ sì kà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní kíláàsì.